Ẹlẹ́rọ àti Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni agbẹ̀bí kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin tó padà di ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà já àjà yàrá ìgbẹ̀bí wọlé gbàù, tòun ti bàtà tí okùn rẹ̀ ti tú, eruku sì dà lé wọn lórí bí ìyẹ̀fun. Obìnrin tó ń rọbí gbójú sókè, ó gbàgbé ìrora, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ti ọmọ jáde.

"Ta nìyẹn?" ni agbẹ̀bí kígbe, ọmọ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú," ni ohùn kan dáhùn láti òkè. "Ẹlẹ́rọ ni mí. Àwọn ẹgbẹ́ ló rán mi wá. Mi ò rí nǹkan kan o, mo ti dijú!"

"Ẹ má là á o! Ẹ fa ẹsẹ̀ yín padà. Ọmọ kan ṣoṣo la ń retí níbí, a ò retí ìgè."

Kí ọjọ́ náà tó parí, gbogbo aboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti ń pe ẹlẹ́rọ ní Ìgè.

Ilé ìgbẹ̀bí náà kò tóbi: yàrá mẹ́ta, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, bẹ́ǹṣì gígùn kan tó máa ń kún láti aago méje àárọ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ẹgbẹ́ tó ní àwọn alábàáṣepọ̀ káàkiri. Àwọn kan ń fi oògùn ránṣẹ́, àwọn kan ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí níṣẹ́, àwọn kan ló sì rán Ìgè wá láti gbé iná oòrùn sórí òrùlé, kí fíríìjì oògùn yéé kú lójijì. Abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára abiyamọ kì í bá ooru ṣe ọ̀rẹ́. Bí ooru bá ti bà á jẹ́, omi lásán ló kù.

Iṣẹ́ náà parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n Ìgè kò yéé wá.

"Fíríìjì yìí ńkọ́ o?" ni yóò wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ," ni agbẹ̀bí dá a lóhùn. "Àná lẹ ṣì yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ̀rọ kì í lè ké pé inú ń run òun. Àfi kéèyàn máa bẹ̀ ẹ́ wò."

"Ṣé ẹ̀rọ lẹ wá bẹ̀ wò ni, àbí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀?" ni aboyún kan dá sí i. Orúkọ tí wọ́n ń pe agbẹ̀bí nìyẹn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í ni èèyàn lára. Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Agbẹ̀bí kọjú sí ògiri, ó ń ka ìwé ìkéde tó ti há sórí.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó máa ń kọ́ àwọn obìnrin nípa ìfètòsọ́mọbíbí. Ó fi oògùn oníhóró hàn wọ́n, ó fi abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta hàn wọ́n. Ìgè, tó dúró sẹ́yìn, na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Ọkùnrin ńkọ́? Kí ló wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí ìyàwó òun lóyún rárá?"

"Ìyàwó dà ná, Ìgè?" ni àwọn obìnrin wí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dúró de èsì. Agbẹ̀bí rí i pé kò fi ṣeré, ó sì dá a lóhùn dáadáa. Ó gbé ìbéèrè náà délé.

Nígbà yẹn, ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà pátápátá, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni òun náà rọbí níbi tí kò sí abẹ́rẹ́. Ọmọ kò yè. Kí ìyá tó lè yè, wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ọkọ tó ní nígbà náà ní sùúrù fún ọdún kan, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ìyẹn ló gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí. Ó ti gbẹ̀bí ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ, kò sì sẹ́ni níbi iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń gbé kiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá.

"Abẹ́rẹ́!" ni agbẹ̀bí ké. Ìgè, tó wà nídìí fíríìjì, sáré gbé e wá. Agbẹ̀bí gún un, ó ń fi ọwọ́ po ikùn obìnrin náà títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Nígbà tó gbójú sókè, Ìgè wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára bẹ́ẹ̀dì. Ó yísẹ̀ padà, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò yọjú.

"Àwọn ará ilé ọkọ mi àtijọ́ ti sọ fún un pé mi ò lè bímọ," ni agbẹ̀bí wí nínú ara rẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ tó ń kó oògùn wá sọ pé Ìgè ń kúrò nílùú lọ́jọ́ Ẹtì, agbẹ̀bí ní kò kan òun. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gba ibi ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ lọ.

Ìgè wà láàárín àwọn páálí, ó ń ká wáyà.

"Ẹ ò tiẹ̀ lè dágbére?"

Wáyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò mọ ohun tí mo máa wí."

"Ẹ wí pé obìnrin tí kò ní ilé ọmọ kọ́ lẹ ń wá. Ẹ wí i, kí n máa lọ síbi iṣẹ́ mi."

"Ilé ọmọ ta ni?"

Ìgbà yẹn ló hàn sí agbẹ̀bí pé kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Ó dúró níbẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ìgè jókòó lórí páálí, ó gbé orí lé ọwọ́. Agbẹ̀bí kọrí sí ọ̀nà.

"Ẹ dúró. Ẹ jọ̀ọ́." Ó ń sunkún. "Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìyàwó mi bí ọmọbìnrin wa, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Fíríìjì ilé ìwòsàn ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta, abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́. Mo wà ní òpópónà kejì, mò ń tún fíríìjì ẹni tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe. Kò sẹ́ni tó pè mí."

Agbẹ̀bí padà wá, ó jókòó lórí páálí tó kọjú sí i.

"Lọ́jọ́sí, ojú rẹ ni mò ń rí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo ní bí mo bá fẹ́ ọ, wàá lóyún. Bó o bá lóyún…" Kò mọ̀ pé òun ti fi "ẹ" sílẹ̀, òun ti ń pè é ní "o". "Ìdí tí mo fi sá nìyẹn."

"Àṣé ohun tí mò ń fi pamọ́ fún ọ ni kì bá tí jẹ́ kó o sá?"

"Má wí bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí pé ohun tó dùn ọ́ tó báyìí ló mú ara mi fúyẹ́."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gba ẹnu agbẹ̀bí jáde. "Jẹ́ kó fúyẹ́, jàre. Tèmi náà ti fúyẹ́."

Ìgè kò lọ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó bẹ ẹgbẹ́, wọ́n sì ní kó máa bójú tó fíríìjì ilé ìgbẹ̀bí mẹ́fà tó wà lágbègbè náà. Ìyá Ìgè, tó ń bá a tọ́ ọmọbìnrin náà, ló wá kù. Ìyá dé lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò sì fọ̀rọ̀ pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n.

"Ọmọ mi ní o ò lè bímọ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Màámi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé…"

"Ṣé ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Ìyá kọjú sí agbẹ̀bí. "Ọmọkùnrin ni mò ń tọrọ látọdún mẹ́fà. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọ aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ kú sínú rẹ̀. Omi mẹ́ta ni mo fi fọ̀ ọ́, kò mọ́. Mi ò tún lè fọ irú ẹ̀." Ó rọra ti ọmọ náà síwájú. "Kì í jẹ́ kí n di irun òun. Bá mi wò ó, bóyá yóò gbà fún ọ."

Ìgè mí kanlẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó ní kóòtù sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ọmọ náà jókòó sáàárín orúnkún agbẹ̀bí, ó gbé orí fún un.

"Kí ni kí n máa pè yín?"

"Ohunkóhun tó bá wá sí ọ lẹ́nu."

Ó rò ó títí agbẹ̀bí fi di ẹsẹ̀ irun mẹ́rin.

"Màámi," ló wí, "ẹ má dì í le jù."