Fọ́ọ̀kì Dé Kọ́ọ̀tù

"Ẹ pẹ́ díẹ̀, ma. Ṣé ọkọ yín ló dá yín dúró?"

Ohun tí Èyítáyọ̀ kọ́kọ́ sọ fún Mìsítúrà lẹ́nu ọ̀nà kọ́ọ̀tù nìyẹn. Ọkọ̀ ló ní lọ́kàn o! Àmọ́ Peckham, ní London, ni wọ́n bí i sí, ohùn Yorùbá ẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì.

"Mi ò tíì lọ́kọ. Bọ́ọ̀sì ló pẹ́. Ṣé ìwọ lògbufọ̀ tí wọ́n fún mi? Háà, mo gbé!"

Inú ti ń bí Mìsítúrà tẹ́lẹ̀. Carer ni, Mama Àsúmáù, ìyá arúgbó kan ní Stockwell, ló ń tọ́jú. Kọ́ńpìnnì wọn ló kó áàpù kan sórí fóònù àwọn carer, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá ń bá arúgbó sọ. Áàpù ọ̀hún ní Mìsítúrà bú Mama nígbà mẹ́tàdínlógún lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n lé e, ló bá pè wọ́n lẹ́jọ́. Tí kò bá borí lónìí, orúkọ ẹ̀ á wọ ìwé àwọn tó ń fìyà jẹ arúgbó, ó parí nìyẹn.

Kí ló sì sọ? "Mama, ẹ gba fọ́ọ̀kì." "Mama, fọ́ọ̀kì yín ti já bọ́." "Mama, ẹ má fi fọ́ọ̀kì yarun mọ́, ẹ jọ̀ọ́!" Bó bá ti pe fọ́ọ̀kì, èébú òyìnbó burúkú yẹn ni áàpù ń gbọ́.

Lọ́yà kọ́ńpìnnì dìde, ó gbé fóònù tí áàpù wà lórí ẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní áàpù àwọn kì í ṣojúsàájú, kí ògbufọ̀ pe fọ́ọ̀kì sí i, ká gbọ́.

Èyítáyọ̀ pè é. Iná aláwọ̀ ewé tàn: ọ̀rọ̀ dáadáa ni.

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Orí Mìsítúrà gbóná, gbogbo èdè òyìnbó tó gbọ́ sì sá kúrò lẹ́nu ẹ̀.

"Fọ́ọ̀kì wo nìyẹn? Ọmọkùnrin yìí dáa lóòótọ́, ojú ẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n fi òrí ra á, àmọ́ Yorùbá ẹnu ẹ̀, bí ẹni tó ki iṣu gbígbóná bọnu ni!"

"Kí ló wí?" adájọ́ bèèrè.

Èyítáyọ̀ ti búra pé gbogbo ọ̀rọ̀ lòun máa túmọ̀. Ó túmọ̀ ẹ̀, tòun ti òrí, tòun ti iṣu. Adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀! Ó tún ní kí wọ́n bá òun sípẹ́ẹ̀lì òrí.

"Sọ fún wọn," Mìsítúrà ní, "kí wọ́n jẹ́ kó o pè é bí màmá ẹ ṣe ń pè é."

"Ògbufọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí!" lọ́yà pariwo.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ ní kó pè é," adájọ́ dá a lóhùn.

Èyítáyọ̀ pajú dé, ó rántí kíṣìnnì ilé wọn, ó bú jáde: "Tayọ̀! Ta ló gbé fọ́ọ̀kì mi?"

Áàpù pọ́n bí ata. Lọ́wọ́ ẹ̀yìn nínú kọ́ọ̀tù, fóònù mánijà kọ́ńpìnnì dún gooro, áàpù ti ránṣẹ́ sí i: kí wọ́n yára lé carer yìí!

Bí Mìsítúrà ṣe borí nìyẹn.

Níta, Èyítáyọ̀ sáré tẹ̀ lé e. "Mìsítúrà, mo fẹ́ràn yín. Mi ò túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni o, èmi ni mo sọ ọ́."

"Ohùn ẹ ṣì tẹ́jú," ó ní, ẹ̀rín ń pa á. "Àmọ́ mo gbọ́."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ra, Mummy Mìsítúrà ò gbọ́ ní tiwọn. "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun? Èmi tí mo ń lọ mọ́ṣáláṣí? Láéláé!"

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jagun. Ni ìwé ìdájọ́ bá dé. Mummy fẹ́ pín in ní mọ́ṣáláṣí, kí gbogbo ayé mọ̀ pé ọmọ òun ò bú arúgbó. Wọ́n ní kí Mìsítúrà kà á sókè. Ó dé ojú ewé kẹfà, ó fẹ́ ṣí i kọjá.

"Kà á!"

Ó kà á, títí dórí ojú tó ń dán.

Mummy gbá orí mú. "O yin ọkùnrin lójú adájọ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ síwèé? Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi han èèyàn?" Wọ́n rìn yí pálọ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì. "Àfi tó bá jẹ́ ọkọ ẹ. Obìnrin lè yin ọkọ ẹ̀. Pè é wá!"

Ìjà kan ló kù, ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn kan ò gba Friday, àwọn kan ò gba Sunday. Satide ni wọ́n padà mú, torí kò sẹ́ni tó ni ín.