Tirafikétọ̀ Ọwọ́ Ọ̀tún

Bí Abórìṣàdé rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe bá jókòó sínú ọkọ̀ Adéyanjú, tirafikétọ̀ ọwọ́ ọ̀tún, iná tí wọ́n fi ń yà, á máa ṣẹ́jú bí ojú ọmọge tó rí ẹni tó wù ú. Bí Adéyanjú tó lọkọ̀ bá jókòó, á kú fin-ín fin-ín. Ìgbà méje ni wọ́n pààrọ̀ ìjókòó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní Okota, bákan náà ló rí.

Rewáyà ti pààrọ̀ gílóòbù, ó ti pààrọ̀ fíláṣà. Wáyà tó tú sílẹ̀, tí wọ́n bá so ó pọ̀, á dé Ìbàdàn, á tún ṣẹ́kù. Ó wá sún mọ́ Adéyanjú, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ò ṣe ọkọ̀ yìí. Ẹ̀yin gan-an ni kò fẹ́ dá lóhùn."

Adéyanjú ní ọ̀rọ̀ òpè nìyẹn, ṣé òun tóun fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ló máa gba irú rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì ní kó tún un wò. Ọ̀la ni Ìrètí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń bọ̀ wá ṣe ìrántí ọdún kan tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ti sọ fún un lórí fóònù pé bí iná yẹn ò bá ṣiṣẹ́, kó má pe òun lọ́mọ mọ́.

Ọmọ náà ò jẹ̀bi. Ọdún mẹ́fà ni iná fi kú tí bàbá ò tún un ṣe. Bánkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń na ọwọ́ síta lójú fèrèsé bí wọ́n bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Bó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ọlọ́kọ̀ ẹ̀yìn á dúró. Bó bá ju ọwọ́, wọ́n á kọjá. Abórìṣàdé bẹ Adéyanjú títí nígbà náà pé kó tún iná ṣe. Ẹ̀rín ló fi í rín.

"Ìyàwó mi ṣì lọ́wọ́. Kí ni mo fẹ́ fi iná ṣe?"

Àfi ọjọ́ tí tírélà mú ọwọ́ náà ní Apakun, tó sì mú ọlọ́wọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Adéyanjú lọ gbé ọmọ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ìrètí dúró síta, ó bi í léèrè iná. Bàbá ní ó ti ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́. Ọmọ bá wọlé, ó jókòó síbi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó.

Wọ́n dé Apakun, ó ku kí wọ́n yà sọ́tùn-ún. Adéyanjú tẹ tirafikétọ̀. Kò dún. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ Ìrètí wá ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, òórùn òrí tí Bánkẹ́ fi ń para sì gba inú ọkọ̀ kan. Nínú dígí, Adéyanjú rí ọwọ́ kan níta, àtẹ́lẹwọ́ ní títẹ́. Tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn tẹ bíréèkì, ó dúró gbọnrangandan.

"Ìrètí, mú ọwọ́ wọlé."

"Ọwọ́ mi méjèèjì rèé lórí báàgì, Daddy." Ó wo ọwọ́ tó wà níta, omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ tún purọ́ fún mi."

Ọkọ̀ kú sí iwájú tírélà náà. Ìrètí sọ̀ kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Adéyanjú ṣíná ọkọ̀, ṣíná ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Ọwọ́ náà ò mira títí ọmọ fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èso létí títì.

Ìgbà náà ni ọwọ́ náà yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jù, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń sọ fún tírélà pé ọ̀nà ti là, kó máa bọ̀.