Ọjọ́ Tí Orin Rọ́ọ̀kì Wó Géètì

"Orin ẹ̀bẹ̀ kò ṣí géètì rí," ni ọ̀dọ́kùnrin tó kó èrò ìwọ́de jọ, tí wọ́n ń pè ní Kọ́múréèdì, wí. "Fi gbólóhùn kan péré kún un: Ẹ wó géètì. Kí o kọ ọ́, kí wọ́n gbè é."

Ọmọbìnrin tí ó ń bá sọ̀rọ̀ gbé gìtá kọ́ ọrùn. Agogo ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é nítorí ohùn rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ orin rọ́ọ̀kì sílẹ̀, orin onígìtá tí í mú àyà èèyàn gbọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, iwájú ilé iṣẹ́ ọ̀dà ni wọ́n to ẹ̀rọ sí. Ilé iṣẹ́ náà ti lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láìsọ ìdí, baba Agogo sì wà lára wọn. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin tí oòrùn kì í bá lórí ibùsùn ti di ẹni tí ń kọjú sí ògiri títí di ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, tí ń tún spíkà ṣe, gbé orí sókè nídìí wáyà. "Agogo, orin tìrẹ ni kí o kọ. Ìbínú yín tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ èrò kò lè yan ẹni tí yóò wọlé."

"Bàbá Spíkà," ni Kọ́múréèdì wí, "bó bá kan ọ̀rọ̀ fíúsì, a óò pè yín."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Agogo náà rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í díẹ̀. Kọ́múréèdì wá sún mọ́ ọn. "Ṣé baba tìrẹ kọ́ ló wà nílé tó ń wo ògiri ni? Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tí ìlù bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ń mì. Agogo kọ ẹsẹ kìíní, ó kọ èkejì, nígbà tó sì kan ègbè, ó figbe ta: "Ẹ wó géètì!" Àwọn èèyàn gbè é. Ó tún un kọ, wọ́n ń fò sókè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kẹ̀yìn sí i, tí wọ́n ń ti géètì. Kí a má purọ́, inú rẹ̀ dùn. Kò sí ẹni tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Géètì yẹ̀ nídìí, ó sì wó sínú. Láti orí pèpéle, Agogo rí ohun tí àwọn tó ń tì í kò rí. Baba Onígéètì, arúgbó tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wà lábẹ́ irin náà, apá rẹ̀ kan ló yọ síta. Àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń bọ̀, wọ́n fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá.

"Ẹ dúró! Èèyàn wà lábẹ́ rẹ̀!"

Wọ́n rò pé ara orin ni. Wọ́n gbè é, wọ́n sì ń tì lọ.

Ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ rí ojú rẹ̀. Kò pa ẹ̀rọ, nítorí bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ lójijì, ariwo èrò ni yóò gba ibẹ̀. Ó dín ohùn gìtá kù, ó dín ti ìlù kù, ó fi ohùn ọmọ náà nìkan sílẹ̀ nínú spíkà. Lẹ́yìn náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀.

Ó yé Agogo. Orin pẹ̀lẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń parí eré, orin àwọn òṣìṣẹ́ tí èéfín ọ̀dà ti pa. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo olólùfẹ́ wọn ń jókòó sí. Ẹni tó bá dúró, wọn á fà á ní ṣòkòtò. Ó dá orin náà.

Ọmọ kan jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n sì ń fa àwọn àgbà láṣọ.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin ojo," ni Kọ́múréèdì ń wí.

"Jókòó, ọmọ mi," ni obìnrin òṣìṣẹ́ kan dá a lóhùn. "Ò ń dí wa lójú."

Ìgbà náà ni àwọn tó wà níwájú rí apá arúgbó náà, wọ́n sì gbé irin kúrò lórí rẹ̀.

Apá rẹ̀ ṣẹ́, egungun ìhà rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà. Ilé ìwé ní kí ẹgbẹ́ náà má ṣeré mọ́ títí sáà yóò fi parí. Kọ́múréèdì pe Agogo ní ọ̀dàlẹ̀, kò sì yà sí ilé ìwòsàn rí. Agogo gbé gìtá sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti jáde ilé ìwé, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Baba Onígéètì ló ń lọ, láti fún un lóúnjẹ. Lọ́jọ́ kan, baba rẹ̀ dìde nídìí ògiri, ó tẹ̀ lé e.

"Ẹ bá wa dárí jì í," ni baba Agogo wí.

"Fi ọkàn balẹ̀, ọ̀rẹ́ mi," ni Baba Onígéètì dá a lóhùn. "Ọmọ rẹ ló wó géètì lù mí, òun náà ló gbà mí lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò. N kò ní ka ọ̀kan kí n gbàgbé èkejì." Ó wo Agogo. "Wọ́n ní o ò kọrin mọ́. Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá."

"Ìyẹn dára. Fi ẹ̀rù náà sínú orin. Ilé iṣẹ́ kò tíì dá baba rẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sípò tèmi. Bó o bá dákẹ́, ta ni yóò bá wa sọ ọ́?"

Agogo kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó jẹ́ kí ẹnu tó yẹ kó bá a wí ṣì wà láyé láti bá a wí.

Kò burú kí ọ̀dọ́ fi orin kọjú ìjà sí ìyà. Ṣùgbọ́n kí a tó ní kí wọ́n wó géètì, ó yẹ kí a béèrè ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣe èèyàn níbi ni í bá onítọ̀hún láàyè láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.