Barnabas Fákúnlé àti Ẹ̀rọ Tó Tì Mọ́ Inú Irin

Kò sí ohun tí Barnabas Fákúnlé kórìíra tó kí ó máa lo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí o bá pe háyà létí rẹ̀, ojú rẹ̀ á le.

Òun náà kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ní Òṣogbo, ilé ìjọba ni wọ́n sì ń gbé. Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí wọ́n kó jáde. Barnabas, ọmọ ọdún mọ́kànlá, jókòó lórí ẹrù wọn ní gbangba, àwọn ọmọ ilé kejì ń wò ó. Ibẹ̀ ló ti búra pé òun kò ní lo ohun tí ẹlòmíì lè gbà lọ́wọ́ òun mọ́ láyé.

Ìbúra ọmọdé ni, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló ń pa á mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, gbogbo ẹbí ní kó háyà àga fún ìsìnkú. Ó ní ká má rí i. Igba àga ló rà. Wọ́n ṣì wà lórí ara wọn lọ́ọ̀dẹ̀ títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìdáná gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn.

Kì í mutí. Kì í lo oògùn. Kì í pa ìsìn jẹ ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n bí i sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Òun náà sì rò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Lucy ìyàwó rẹ̀ bí, Dárasími. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ yìí wá ilé ẹ̀kọ́ gíga tí kò rí i wọ̀, kó tó bá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pàdé. Ìmọ̀ ìtọ́jú aláìsàn ló ń kọ́. Ó ku ìdánwò ìkẹyìn. Inú ilé ni yóò jókòó sí ṣe é, tí kámẹ́rà kọ̀ǹpútà yóò máa wò ó. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó parí nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Amos Béjidé, ọmọ Òṣú, ará ìjọ wọn, ń bá ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣiṣẹ́. Ó wá sí ilé wọn ní Ìdó-Ọ̀ṣun, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ká inú ilé dání, ó sì ṣàlàyé.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ra ẹ̀rọ yìí kó di tiyín. Ẹ sì lè háyà rẹ̀, kẹ́ ẹ máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó bá háyà, bó bá yọnu, àwa la ó wá yẹ̀ ẹ́ wò, àwa la ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá rà á, òun ni yóò máa gbé e wá bá wa.”

“Bàbá Dárasími, ẹ jẹ́ ká háyà rẹ̀,” ni Lucy wí. “Ìdánwò ọmọ yìí ò ju oṣù mẹ́ta sí ìsinsìnyí lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ká wá mọ èyí tí a ó ṣe.”

“Háyà kẹ̀? Nínú ilé tí mo fi òógùn ara mi kọ́? Fi mí sílẹ̀ o!”

Ríra kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ lo nǹkan pẹ́, tó sì lè tọ́jú rẹ̀, ríra lè ṣàǹfààní fún un ju háyà lọ. Ṣùgbọ́n Barnabas kò ro ti ọmọ, kò ro ti ìdánwò. Ti ara rẹ̀ ló rò.

Lọ́jọ́ kejì tó ra ẹ̀rọ, ó pe Rájí wẹ́dà kó jó àpótí irin tó nípọn fún òun. Ó gbé ẹ̀rọ sínú rẹ̀ ní pálọ̀, ó fi àgádágodo tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ti ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní ọmọ àlejò ò ní fọwọ́ bà á, olè ò sì ní gbé e.

Ìgbà yẹn ni wàhálà dé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wá, á lọ. Ojú olùkọ́ á dúró gbagidi lórí kọ̀ǹpútà, ẹnu á là sílẹ̀, ohùn ò ní jáde. Dárasími á gbé kọ̀ǹpútà síta, á tún gbé e wọlé. Bàbá rẹ̀ bú ilé iṣẹ́, ó bú ìjọba, ó bú àwọn aládùúgbò pé wọ́n ń jí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun lò. Gbogbo ayé ló jẹ̀bi, àfi ẹnì kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pe Amos. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Amos bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí ohun tó bo ẹ̀rọ yẹn? Pàápàá irin, tí kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá?”

“Kò sí nǹkan kan tó bò ó.”

Lucy gbọ́. Ó wo àpótí, ó wo ọkọ rẹ̀, ó dákẹ́, torí ó mọ ohun tó máa ń gbẹ̀yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn. Nígbà tí Dárasími bẹ bàbá rẹ̀ pé kó ṣí i wò, bàbá ní, “Ta ló ni ẹ̀rọ?”

Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sí ọjọ́ ìpàdé ẹbí ní Iléṣà. Barnabas wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, kọ́kọ́rọ́ sì bá a lọ. Oòrùn ọjọ́ náà mú gan-an. Bí ó ti ń di ọ̀sán, fóònù rẹ̀ dún.

“Dádì, ẹ̀rọ ti kú. Ooru ti mú un nínú irin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Màmá pe Rájí kó wá gé àgádágodo.”

“Ẹni tó bá gé irin mi, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé mi. Mo ń bọ̀.”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n…”

Ó pa fóònù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iyán kalẹ̀ ni, ó sì jẹ ẹ́ tán kó tó dìde.

Lucy gbé fóònù tirẹ̀ fún ọmọ, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ á gbé e. Kò gbé kámẹ́rà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, ìdánwò sì pa dé.

Nígbà tí Barnabas wọlé, Dárasími ṣì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Kò sunkún, kò kí i. Ǹjẹ́ bàbá tilẹ̀ kí i pé pẹ̀lẹ́? Ohun tó sọ ni pé, “Ẹni tó mọ̀wé kì í wá àwáwí.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ ní Iléṣà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni bàbá fi ń pè é tí kò gbé e.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Barnabas, nítorí náà ó kọ̀wé. Ó fi ẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n dá a lóhùn pé ẹ̀rọ tirẹ̀ ni, kó gbé e wá. Kò gbé e lọ. Kò lè sùn, inú sì ń bí i sí gbogbo ohun tó bá fojú rí, títí kan àga ọ̀ọ̀dẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Amos yà wá fúnra rẹ̀, nítorí ó ti ṣàkíyèsí pé Barnabas kì í kọrin mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó ti wọ pálọ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sára àpótí irin. Ó jókòó. 

“Ẹ̀gbọ́n, mo bi yín. Ẹ ní kò sí.”

“Ẹ̀rọ tèmi ni.”

“Tiyín ni lóòótọ́. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ta ló ni yín?”

“Láti kékeré ni mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn. Jésù fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ rà yín, ẹ ò sì tíì jẹ́ kó rí kọ́kọ́rọ́ ọkàn yín gbà. Ọmọ ti lọ. Ìyàwó ń bẹ̀rù yín. Kí lẹ wá ń ṣọ́?”

Barnabas la ẹnu láti bínú, ṣùgbọ́n ìbínú kò wá. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló ń gbọ́: Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ó wo Lucy tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bú sẹ́kún.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Kí ìdánwò tó dé ni mo ti mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí kò sẹ́ni nílé, mo ṣí àpótí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń lọ geere. Mo sì tún tì í padà, torí n kò fẹ́ kẹ́ni kan nínú ilé yìí sọ pé mo ṣì í ṣe. Ọlọ́run, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Èmi ni mo ṣe é.”

Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kò gbàdúrà gígùn bí ó ti máa ń gbà ní ìjọ. Ó ní, “Jésù, gbà mí. N kò ní ara mi mọ́.” Lucy náà kúnlẹ̀ tì í.

Ọjọ́ Ajé ló gba Iléṣà lọ. Níwájú ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, bàbá tí kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

“Dádì, ẹ ti mọ̀ kí n tó ṣèdánwò?”

“Mo ti mọ̀.”

Dárasími wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti wú. “Ẹ dìde, Dádì. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín. Mo máa wálé lóṣù tó ń bọ̀.”

Ọ̀rẹ́ mi tí ń ka ìwé yìí, ìwọ ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé o kì í mutí. Ó lè jẹ́ pé orúkọ rẹ wà nínú ìwé ìjọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o mọ̀, tí ẹlòmíì kò mọ̀. Ọlọ́run ti bi ọ́ léèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, o sì ní kò sí nǹkan kan. Títí dìgbà wo?

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀sán tí Barnabas kúnlẹ̀ yẹn gan-an ni Ọlọ́run dárí gbogbo rẹ̀ jì í. Àmọ́ ọdún kan tó gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ kò padà. Ẹkún bàbá kò dá a padà, àdúrà kò sì dá a padà. Bí o bá ṣe ń pẹ́ tó ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ń jẹ ayé àwọn tó fẹ́ràn rẹ.

Jésù kú fún ọ. Kò ní kí o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Òtítọ́ ló ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ. Gbé ìwé yìí sílẹ̀, pe orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un bó ṣe jẹ́, kí o sì ní kó gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tó ṣì lè dá ọ lóhùn.