Obìnrin Ẹ̀yìn Lékeléke

Rájí tó ń ṣọ́ géètì ọgbà ìgbafẹ́ wa ní Lafiaji wò mí tìfura-tìfura láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn. Mo ti kí i, ó ti dá mi lóhùn.

"Alájà," ló wí, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa, "ibo lẹ gbà jáde? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lójú mi báyìí ni."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ojú oorun ló fi ń wò mí, kó lọ bọ́jú. Ọyẹ́ ọdún yìí nípọn débi pé igi tó wà ní ogún ìṣísẹ̀ kò hàn mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì lo híjáàbù aláwọ̀ eérú lè jọ mí. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn, mo bá wọlé.

Hussainat lorúkọ mi. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì gba ìsọkúsọ lẹ́nu ọmọ ilé ìwé rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló lé mi dé ọgbà. Dókítà ní kí n máa rìn láràárọ̀, Muqtadir, ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà, sì fi kámẹ́rà ránṣẹ́ kí ìrìn náà má baà sú mi. Kò sú mi rárá. Mo ti ya alángbá, mo ti ya àdán tó so rọ̀ lórí igi máńgòrò, mo ti ya àṣá tó gbé eku. Ṣùgbọ́n lékeléke ni mo fẹ́ràn jù. Tí ọyẹ́ bá dé, wọ́n máa ń bà sórí koríko gbígbẹ, funfun báláú, wọ́n á jẹ́ kí èèyàn sún mọ́ wọn díẹ̀ bí kò bá kánjú.

Lóṣù náà, ohun kan ṣoṣo ló gbà mí lọ́kàn. Taslimah, ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́lé. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, ìyá ìyàwó ló ń kọ́kọ́ wẹ ọmọ tuntun. Á fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, á fi òrí pa á lára, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀. Mo ti ra gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo tiẹ̀ ti ń fi ọmọ langidi dánra wò nínú yàrá mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Nígbà tí mo délé ní Ọjọ́rú náà, mo wo àwọn fọ́tò mi. Lékeléke kan dúró lórí koríko. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, nínú ọyẹ́, obìnrin kan wà tó lo híjáàbù aláwọ̀ eérú. Mo ní ẹni tó wá nasẹ̀ bíi tèmi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rántí pé mo rí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ti sún mọ́ tòsí nínú fọ́tò, ó dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan. Ní Ọjọ́ Jímọ̀, àárín àwọn lékeléke gan-an ló dúró sí, kò sí èyí tó fò nínú wọn. Lékeléke wo ni kò ní fò tí èèyàn bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ó dojú kọ mí. Ojú mi ni. Imú mi, ẹnu mi, ọjọ́ orí mi. Àpá tí mo gbà níwájú orí lọ́mọ ọdún mẹ́wàá nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Mo pe Muqtadir. Ó ní bóyá àwòrán kan ló gun orí èkejì, pé kámẹ́rà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ya àwòrán mi tó fi gun orí tẹyẹ? Kámẹ́rà wo ló sì ń pa àpá rẹ́? Orí mi dàrú. Ẹ̀rù bà mí, mo sọ ọ́ láìtijú. Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń sọ pé ẹni tó bá rí ara rẹ̀ lókèèrè, wọ́n ti ń pè é lọ nìyẹn. Ọjọ́ mélòó ló kù kí Taslimah bí? Ṣé mi ò ní gbé ọmọ náà ni?

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mi ò lọ sí ọgbà mọ́. Ọ̀dọ̀ màmá mi, Alájà Afusat, ni mo gbà lọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà. Lókè orí wọn ni fọ́tò tí mo bá lára ògiri láti kékeré wà: ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà méjì, aṣọ kan náà. Èmi àti Hassanat, èkejì mi tí ibà pa. Mo ti mọ ìtàn rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, á yà á lẹ́ẹ̀mejì, á so méjèèjì pọ̀. Èmi nìkan ni mo wà nínú fọ́tò yẹn, bí wọ́n ṣe sọ fún mi nìyẹn.

Mo gbé kámẹ́rà síwájú màmá. Wọn ò pariwo.

"Ó ti dàgbà," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́.

"Ta ni, Màmá?"

Wọ́n gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. "Fọ́tò ara ògiri yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bọ̀dá Horatio, ayàwòrán wa, yà ọ́. Bó ṣe yà ọ́ tán, iná lọ. Ó ní ká padà wá lọ́la fún ìkejì. Nígbà tá a débẹ̀, ó ti fọ fọ́tò náà. Ẹ̀yin méjì lẹ wà níbẹ̀. Ó ní ká máa mú un lọ, òun ò fẹ́ kó sùn sí ṣọ́ọ̀bù òun."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Inú mi dùn ni. Mo gbé e sáyà, mo ní, Hassanat, o káre, ohunkóhun tí èkejì rẹ bá ní, ìdajì rẹ̀, tìẹ ni. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Tí mo bá ra bàtà fún ọ, mo ra tiẹ̀. Tí mo bá se ẹ̀wà, abọ́ méjì ni. Nígbà tó o lọ sílé ọkọ, mo ní kó o máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún un lọ. Kí lo sọ?"

Mo rántí. Mo ní mi ò ráyè ìsọkúsọ. Láti ogójì ọdún, mi ò bu ẹ̀wà kan fún un rí, mi ò ra aṣọ kan. Ojú tì mí bí ọmọ tí wọ́n ká olè mọ́ lọ́wọ́.

"Kí ló wá ń wá báyìí, Màmá?"

"Ìpín rẹ̀ ni."

Mo ti fa fóònù yọ. Mo pe Taslimah. Ó dún títí kó tó gbé e, ó sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ta nìyí? Ta ló gbé fóònù màmá mi?"

"Èmi ni. Taslimah, ṣé àlàáfíà ni?"

Mo ń gbọ́ omi tí wọ́n ń dà sínú báfù, mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ṣe irú eré yìí," ló wí. "Màmá mi wà níbí. Ìdájí ni ìrọbí mú mi, Ubaydullah ọkọ mi ò tíì rí mọ́tò tí Màmá fi kanlẹ̀kùn. Àwọn ni wọ́n gbẹ̀bí mi. Dókítà ní ọmọ kan ló wà, àmọ́ méjì la rí. Àwọn ni wọ́n ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ báyìí."

Ẹkún náà dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn Taslimah, ohùn tí mo fi kọ́ ọmọ ilé ìwé fún ọgbọ̀n ọdún. Kò bínú rárá.

"Sọ fún un kó tètè máa bọ̀. Ọ̀kan péré ni mo wẹ̀. Tiẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ọyẹ́ sì ń mú un."