Òórùn Ìjóná

"Ta ló ń sun rọ́bà?" Jùwọ́nlọ́lá béèrè.

"Rọ́bà wo? Epo là ń sè o jàre," ni Charity ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáhùn.

Àwọn méjèèjì ló ń ro epo pupa ní ẹbu, ibi tí ìyá Jùwọ́nlọ́lá ti ń ṣe epo ní Ìkọ̀yà. Àyà Jùwọ́nlọ́lá já. Òun nìkan ló máa ń gbọ́ òórùn yẹn, kí wárápá tó gbé e ṣánlẹ̀.

Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Àwọn dókítà tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ ló wá sílùú, wọ́n dé e ní fìlà oníwáyà, wọ́n wo bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fún un lóògùn. Dókítà Morádéyọ̀ kìlọ̀ fún un: "Àìsàn ọpọlọ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ayé. A ṣì ń wádìí ohun tó ń fà á. Ṣùgbọ́n bó o bá dá oògùn yìí dúró lójijì, á padà wá, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Àfi Charity, nígbà tó gbọ́! "O jẹ́ kí àjèjì so wáyà mọ́ ọ lórí? Orí o! Kádàrá rẹ ni wọ́n ń fà lọ. Oògùn yẹn ni wọ́n á fi parí ẹ̀."

Ẹ gbọ́ o! Charity tó gba òdo nínú Báyọ́lọ́jì ló di olùkọ́ ọpọlọ! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí ń dẹ́rù bani. Jùwọ́nlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn há abẹ́ ahọ́n, á sọ pé, "Mo ti gbé e mì, ẹ̀yin Màmá mi," á sì lọ tu ú sínú òkìtì ihá ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tán.

Nídìí epo lọ́jọ́ yìí, òórùn náà tún le sí i. Ó yẹ kó kúrò nídìí iná, kó ké sí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ni pé á jẹ́wọ́. Ojú tì í, ó ń ro epo lọ.

"Jùwọ́n, ojú rẹ mà ń yí padà."

"Kò sí nǹkan kan."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà tó fi ṣubú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wọ inú iná.

"Ó ti gbé e o! Ẹ má jẹ́ kí itọ́ rẹ̀ kàn yín!" Charity figbe ta, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yòókù tó wà ní ẹbu sá tẹ̀ lé e. Wárápá kì í ràn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Ìyá rẹ̀ nìkan ló sáré wọ ẹbu tó fà á jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ayé ló gbọ́ òórùn ìjóná náà.

Ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ na àtẹ́lẹwọ́ sí i, àwọn oògùn tó ti inú ihá ẹyìn ṣà wà níbẹ̀.

"Jùwọ́n, ta lo ń tàn jẹ?"

"Ara mi ni, Màmá mi." Ó bú sẹ́kún.

Ìdánwò WAEC ti dé tán. Orí tí Charity sọ pé wọ́n fẹ́ jí ṣì wà lọ́rùn Jùwọ́nlọ́lá. Ọwọ́ ọ̀tún tí ì bá fi kọ̀wé ni kò sí mọ́; iná ti bà á jẹ́ débi pé wọ́n gé e. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fi àrùn pamọ́ kò lè rí oníṣègùn. Kí ẹ sì tó gba ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ lórí àìsàn yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá yóò dúró tì yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣubú.