Ìdáhùn Tó Ṣáájú Ìkànkùn

“Ta ló ní kí ẹ̀rọ yìí máa dúró?”

“Ẹni tó tà á fún wa ni. Ó ní kí kọ̀ǹpútà má baà máa gbóná.”

“Mà, kọ̀ǹpútà ń sinmi, bàbá wá ń jìyà.”

“Ohun tí mo ṣe ránṣẹ́ pè ọ́ nìyẹn, ọmọ mi.”

“Ó dáa. Ẹ dákẹ́ ná.”

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòró. Ẹni tó bá pè é ní irọ́, kó lọ bi ìyá mi. Ìyá mi kì í purọ́, àfi tí èèyàn bá bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí wọn.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ni obìnrin tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ-Dákẹ́-Ná ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó máa tún ṣe tí kò ní kọ́kọ́ tẹ́tí sí.

Aláwàdà ni bàbá mi. Orí ìtàgé ni wọ́n ti lo ayé wọn. Àìsàn wá gba ohùn wọn, ó gba ẹsẹ̀, ó gba ọwọ́, ó ku ìka kan ṣoṣo. Ìka yẹn ni wọ́n fi ń tẹ bọ́tìnì kan tí okùn rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á rọra kó ọ̀rọ̀ wọn jọ sílẹ̀, wọ́n á wá dúró de ìgbà tó yẹ. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á fi ohùn sọ ọ́.

Àmọ́ ó máa ń pẹ́. Àwàdà tó bá sì pẹ́, òkú ni. Ìyá mi á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́, ìyá mi á bá tiwọn lọ. Ìgbà náà ni èsì máa tó jáde, nínú yàrá tí kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ti ilẹ̀kùn ló tún burú jù. Sípíríìngì ilẹ̀kùn wa le, gìgísẹ̀ àlejò ló máa ń gbá. Nígbà tí ara bàbá mi ṣì yá, wọ́n á ké sí àlejò bó ṣe kù díẹ̀ kó gbá a. Àlejò á fò sókè, gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ní báyìí, ilẹ̀kùn á ti gbá àlejò, àlejò á ti wà ní títì, kí ìkìlọ̀ tó dé. Ilẹ̀kùn gbá Ẹ-Dákẹ́-Ná náà nígbà tó ń wọlé. Ó ti jókòó, ó ti ń fọwọ́ ra gìgísẹ̀, kí ẹ̀rọ tó sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, bàbá mi ti tẹ ọ̀rọ̀ kan jáde: “Tí obìnrin tó ń bọ̀ yìí ò bá rí i ṣe, ẹ yọ ẹ̀rọ yìí kúrò. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.” Ìyá mi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́.

“Tí bàbá bá tẹ bọ́tìnì,” ni Ẹ-Dákẹ́-Ná wí, “ó dà bí ìgbà tí wọ́n kànkùn. Ẹ̀yà kan wà níbi tí okùn ti wọlé, bí aṣọ́nà. Kì í lọ jí kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń kó ìkànkùn jọ ná.”

“Lé aṣọ́nà náà dànù.”

“Rárá mà. Tó bá ń jí i ní gbogbo ìgbà, kọ̀ǹpútà ò ní ráyè sọ̀rọ̀. Ìdúró yẹn ni a máa dín kù, kó ṣe rẹ́gí.”

Ó ṣí ètò kékeré tó ń pàṣẹ fún aṣọ́nà náà. Ó yí i díẹ̀. Ó gbé ìka rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka bàbá mi, ó di ojú.

“Mà, ẹ bá mi bú bàbá.”

“Ìyẹn ò le.” Ìyá mi nu ọwọ́. “Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí yín, bàtà ẹni ẹlẹ́ni lẹ wọ̀!”

Èsì pẹ́. Ẹ-Dákẹ́-Ná tún yí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn náà ń fún ara rẹ̀ lọ́rùn bí ẹni tí omi há lọ́fun. Ó dá díẹ̀ padà. Mo ti bá àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jókòó, mi ò tíì rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Kò wo ohunkóhun. Ó kàn ń gbọ́.

“Ẹ tún un sọ, mà.”

“Bàtà ẹni ẹlẹ́ni lẹ wọ̀!”

“Bàtà yẹn náà lo sì tẹ̀lé délé.”

Pẹ́kí! Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Omi ń bọ́ lójú bàbá mi náà.

Ẹ-Dákẹ́-Ná nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò, níbi tí ìkànkùn àti ìdáhùn ti ń hàn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ìyá mi dìde, wọ́n padà sí ilé ìdáná, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín.

“Kí ló dé?” mo bi í.

“Ìdáhùn ló kọ́kọ́ dé.”

“Ṣáájú kí ni?”

“Ṣáájú ìkànkùn.”

Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó ní kí bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bákan náà ni. Ó wá yọ okùn bọ́tìnì náà. Ó ká a, ó fi òun àti bọ́tìnì sínú báàgì rẹ̀. Kò sí ohunkóhun mọ́ láàárín bàbá mi àti kọ̀ǹpútà. Ìka wọn wà lórí tábìlì. Kò mira.

Ìyá mi ò mọ̀. Wọ́n pariwo láti ilé ìdáná: “Ṣé ó ti tán lẹ́nu yín ni?”

“Ó kù. Kọ́kọ́ gbé abọ́ tó ti mọ́ yẹn kalẹ̀ ná,” ni ohùn kọ̀ǹpútà fèsì.

A gbọ́ tí abọ́ jábọ́. Láti orí àga bàbá mi, èèyàn kì í rí ilé ìdáná.

Ẹ-Dákẹ́-Ná tẹ̀ síwájú, ó rọra sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni?”

“Ta lo tún fẹ́ kó jẹ́?”

Mo wo ojú bàbá mi. Ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀.

“Mo lè dá a padà sí bó ṣe wà,” ni Ẹ-Dákẹ́-Ná sọ fún mi.

“Ṣé á tún máa pẹ́?”

“Á máa pẹ́.”

Ìyá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, omi ń kán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo bọ́tìnì nínú báàgì. Wọ́n wo ìka bàbá mi.

“Ọmọ mi, má fọwọ́ kàn án mọ́. Kó ẹrù rẹ. O ṣeun.”

Ó kó ẹrù rẹ̀. Ó tún wo kọ̀ǹpútà náà, bí ọ̀gá ṣe ń wo iṣẹ́ tó ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, bàbá mi ti sùn lọ lórí àga. Ẹnu wọn là sílẹ̀, wọ́n ń hanrun.

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síta, báàgì wà léjìká rẹ̀, bọ́tìnì wà nínú báàgì. Mo la ẹnu láti kìlọ̀ fún un.

Ohùn kọ̀ǹpútà ti ṣíwájú mi.

“Gìgísẹ̀ rẹ, ọmọ mi.”